Ohun Tí Mo Ní Kí Rábíù Fi Nu Píjò Àlàájì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà wàhálà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọkọ̀ ni mò ń fọ̀ nísàlẹ̀ Mápó, mo sì ń fi páálíìṣì dán an. Ìgbà tí Rábíù gba ṣọ́ọ̀bù lódìkejì mi, àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kan, Àlàájì kan gbé Píjò tuntun wá fún un, ọ̀dà títì ti ta sára ilẹ̀kùn ẹ̀. Rábíù wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n fi nù ún?" Kẹrosíìnì díẹ̀ lára àkísà rírọ̀ ni, kéèyàn sì tètè fi omi ọṣẹ ṣàn án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ní kó fi ọ́ìlì bíréèkì pa á, kó lọ kírun wá.

Kó tó dé, péńtì ọkọ̀ ti wú, ó ń ṣí bí awọ ẹni tí omi gbígbóná bó. Àlàájì fi bẹ́líìtì nà án lójú gbogbo ayé, onílé sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó gbà pé òun lòun pẹ́ jù ní mọ́ṣáláṣí. Àràárọ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún un? Kẹ́ ẹ tó dáhùn, rédíò wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, àwa méjèèjì la sì jọ máa ń gbọ́ ètò yìí. Olóòtú, ẹ rọra kà á. Mo fẹ́ máa wo ojú ẹ̀.