Ìdí Tí Ọmọ Mi Kò Fi Ní Gbé Ilé Bàbá Dèjì

                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Odò-Orò, Ìkọ̀lé-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Nàfísàt mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá yín ní Ìlọrin? Ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, màmá mi fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Dèjì, ní Ìrèlé. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé bí mo bá ti ṣẹ̀ wọ́n, inú yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí ni wọ́n máa ń tì mí mọ́, títí wọn yóò fi ti oko dé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni. Mo dàgbà, mo di olùkọ́, mo rò pé mo ti gbàgbé.

Ní oṣù Kẹfà, atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ wa. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń gbọ̀n, àwọn ọmọ ń wò mí. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Mùbárákà yẹ̀ mí wò, kò rí àìsàn kankan. Ó wá rọra bi mí pé, "Àǹtí, láti ìgbà wo lẹ ti ń bẹ̀rù ilẹ̀kùn títì?" Mo bú sẹ́kún.

Òun ló mú mi mọ Ìyá Monísọ́lá, agbaninímọ̀ràn tó máa ń wá sí Ìkọ̀lé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu géètì ni mo ti padà. Ní báyìí mo ti jókòó lọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, èmi àti obìnrin mẹ́rin mìíràn. A ń sọ̀rọ̀, a ń sunkún, wọ́n sì ń kọ́ wa bí a ṣe lè máa mí nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Oorun mi ti ń dára.

Àfi bí màmá mi ṣe dé lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní Bàbá Dèjì ti kó wá sí Ìkọ̀lé, pé kí Ìrètí ọmọ mi lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn kó lè sún mọ́ iléèwé girama rẹ̀. Ìrètí ti ń di aṣọ rẹ̀.

"Kò níí lọ," ni mo wí.

"Ulé ẹ̀gbọ́n mi ni kò dára mọ́? Ibẹ̀ kọ́ ni ìwọ gbé dàgbà?"

Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀. Màmá mi ní irọ́ ni, pé àwọn tí mò ń lọ bá ní Ìkọ̀lé ló kọ́ mi. Wọ́n jáde láì dágbére. N kò gbúròó wọn mọ́.

Àná ni wọ́n padà dé, ojú wọn wú. Wọ́n ti lọ bi ìyàwó Bàbá Dèjì, ìyẹn kò sì lè sẹ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò jókòó.

"Ní Kérésì ọdún yẹn tí mo wá wò ọ́ ní Ìrèlé, o di aṣọ mi mú pé kí n mú ọ lọ. Èmi ni mo já ọwọ́ rẹ kúrò."

Wọ́n wá béèrè bóyá Ìyá Monísọ́lá á gbà kí àwọn náà wá jókòó. Mo ní kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè dì mọ́ wọn, Nàfísàt. Ọ̀la la jọ ń lọ.

Bá mi kí gbogbo ilé. Fi mí sínú àdúrà rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adùnọlá.