Omi Tí Mo Pọn Lórí Òkè fún Bàbá

                                        17, Òpópónà Abọ́dúndé,
                                        Àgùdà, Sùúrùlérè,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 1975.

Làbákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Kàdúná? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ehín èyí tó kéré jù ti hù tán, àbí ó ṣì ń fi àìsùn dá yín lágara? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rí fọ́tò tó wà nínú rẹ̀. O sanra o! Má bínú, èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá ni, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú àwọn dùn sí i. Ti pé o kò gbọ́ èsì láti oṣù méjì, jọ̀ọ́, fi orí jì mí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí màá ti gbé e. Orí mi ti dàrú, Làbákẹ́, ìwọ nìkan ni mo sì lè bi.

Bàbá ni ara wọn ò yá. O rántí ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ kan gbé pákó nínú ṣọ́ọ̀bù ní Mushin, tí ìwọ àti èmi á máa kó igi wẹ́wẹ́ tó bá fá dànù ṣe ẹ̀gbà ọrùn? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti dùbúlẹ̀. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀, ó gba ìtọ̀, ó ya fọ́tò àyà, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Wọn ò jẹun, wọn ò sọ̀rọ̀, ògiri ni wọ́n kọjú sí. Pásítọ̀ wa wá gbàdúrà, Bàbá ṣe àmín, wọ́n tún yíjú sí ògiri. Ẹ̀rù ń bà wá gan-an.

Àfi bí Bàbá ṣe pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé omi adágún tó wà lórí òkè ní Ìdí-Àpáta ni àwọn máa mu. Ìlú wa nìyẹn, ó kọjá Ìṣẹ́yìn. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo débẹ̀ rí, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, ló ń bá ara wọn jà. Nígbà tí ìyá wọn kú, Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ti sin òkú kí Bàbá tó dé láti Èkó. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bò ni Bàbá bá. Wọn ò jókòó, wọn ò mu omi, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n padà. Ọdún mẹ́tàlá rèé, kò sí ẹni tó ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n yìí nínú ilé wa.

Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ni wọ́n ń rán mi lọ. Òfin wá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Mi ò gbọdọ̀ dé agboolé Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Ilé Ìyá Mobọ́lájí, ìbátan wa kan, ni kí n sùn. Omi náà, omi àfàárọ̀pọn ni: kí n pọn ọ́n kí oòrùn tó kan ojú adágún, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo bá ti jáde nílé Ìyá Mobọ́lájí títí màá fi gbé e dé ibẹ̀ padà. Bí mo bá fọhùn, omi lásán ló dà. Làbákẹ́, má rẹ́rìn-ín. Èmi tí tíṣà máa ń mú dúró lórí bẹ́ǹṣì nítorí ariwo! Mo ní kí ló dé tí wọn ò rán Kọ́lápọ̀, àbúrò mi tó lè wà ní odidi ọjọ́ kan láìya ẹnu. Wọ́n ní èmi ni àwọn rán.

Mo wọ mọ́tò ní Jíbówú, tòun ti bàtà gogoro mi tuntun. Ìyá Mobọ́lájí wo bàtà náà, wọ́n wò mí, wọ́n bi mí pé ṣé òkè ni mo fẹ́ gùn ni àbí mo fẹ́ lọ fi orí kan àjà ilé. Sálúbàtà wọn ni wọ́n yá mi. Wọ́n ní òkè náà ò le, àwọn ìyá arúgbó ń gùn ún, kí n sáà rọra.

Òótọ́ ni, kò le. Ìdájí ni mo gbéra, tòun ti kẹ́ẹ̀gì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti mú kí àpáta náà máa dán. Tó o bá gùn ún díẹ̀, wàá bọ́ sí ẹ̀yìn òkè gan-an, tó gùn gbọọrọ bí ẹ̀yìn màlúù, wàá máa rìn lórí rẹ̀, òrùlé ilé lápá ọ̀tún, oko lápá òsì, ìrì á máa rin ọ́ lẹ́sẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà pín sí méjì, Ìyá Mobọ́lájí ò sì sọ fún mi. Tọkọtaya kan ń lọ sí oko. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ́ka sí kẹ́ẹ̀gì, mo tọ́ka sí ọ̀nà méjèèjì. Ọkọ ní kí ìyàwó má bá mi sọ̀rọ̀ o, omi ni mò ń lọ pọn. Wọ́n bá sáré kọjá kí wọ́n má baà ba tèmi jẹ́! Bẹ́ẹ̀ ẹnu wọn gan-an ni mo nílò. Mo ya ọ̀tún, mo sì rìn títí mo fi dé ibi kòtò kan nínú àpáta tí omi òjò dá sí, ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó. Ṣé èyí ni Bàbá ní kó wo àwọn sàn? Díẹ̀ ló kù kí n bù ú. Mo tún rò ó, mo padà sẹ́yìn.

Ọ̀nà òsì ni adágún wà. Kò tóbi ju pápá ilé ẹ̀kọ́ wa lọ. Òṣíbàtà bo etí rẹ̀, àárín rẹ̀ mọ́ lóló, ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀ pátá, kò sì sí ariwo kankan. Ẹkún fẹ́ẹ́ gbọ̀n mí, mi ò mọ ìdí. Mo bu omi, mo gbé e rù, bí mo ṣe ń yí padà ni oòrùn yọ sí i.

Bí mo ṣe dé ìkòríta yẹn padà, bàbá arúgbó kan jókòó lórí àpáta. Mo rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ojú ìyá àwọn ló wà lójú mi yìí. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé nìyí! Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ àbúrò àwọn wọ̀lú. Wọ́n ní kí n má dáhùn, àwọn mọ̀ pé omi aláìsàn ni mo gbé. Bó bá jẹ́ Àkàngbé ni ara rẹ̀ ò yá, kí n ṣẹ́jú. Àkàngbé ni oríkì Bàbá, Làbákẹ́. Kò sí ẹni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lÉkòó, Káfíńtà ni gbogbo Mushin mọ̀. Mo ṣẹ́jú. Bàbá àgbà yìí fi ọ̀pá ti ara wọn dìde, wọ́n sún mọ́ mi.

"Ṣé ó máa kú ni?"

Báwo lèèyàn ṣe ń fi ojú dáhùn ìyẹn? Bí mo bá ṣẹ́jú, mo ti sin Bàbá mi. Bí mi ò bá ṣẹ́jú, wọn ò ní mọ̀ bóyá mo gbọ́. Kẹ́ẹ̀gì ń tẹ ọrùn mi, mi ò lè mi orí. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni: "Wọn ò ní kú, Bàbá."

Wọ́n káwọ́ lérí. "O ti fọhùn, ọmọ yìí! O ti fọhùn!" Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, mo sunkún. Oòrùn ti kan adágún, mi ò lè padà lọ pọn òmíràn. Mọ́tò kan ṣoṣo ló sì ń lọ ní ọjọ́ náà. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé jókòó tì mí. Wọ́n ní òkú ìyá àwọn ò ṣe é dúró nínú ooru ọjọ́sí, ṣùgbọ́n ó dun àwọn, ó ń dun àwọn títí dòní. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n ní: "Kí Àkàngbé fún mi." Wọ́n ní kí n jẹ́ iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n má fi nǹkan kan kún un.

Mo dé Àgùdà. Bí Bàbá ṣe rí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dìde jókòó. Wọ́n mu ife kan, wọ́n jẹ ẹ̀kọ méjì. Màmá jó. Èmi wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, ojú ń tì mí bí olè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá bi mí pé ṣé omi nìkan ni mo gbé bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ta ni mo pàdé lórí òkè? Mo ní àwọn àgbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ó dáa. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè, ọjọ́ kẹfà rèé, wọn ò sì fẹnu kan omi náà mọ́. Màmá ní àfàìmọ̀ kó má ti bàjẹ́. Díẹ̀ ló kù kí àwo bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ibi tí mo wà nìyẹn. Bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, Bàbá á mọ̀ pé mo fọhùn, wọ́n á mọ̀ pé omi lásán ni àwọn mu, wọ́n lè tún kọjú sí ògiri. Bí mi ò bá jẹ́ ẹ, ìkíni àgbàlagbà á kú sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àgbà méjì ló rán èmi, iṣẹ́ ọ̀kan sì ń ba ti èkejì jẹ́. Kí ni ìwọ máa ṣe? Má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí rèé. Bíró mi ló tán lánàá tí mo fi dúró, bí mo sì ṣe dìde láti wá òmíràn ni Bàbá pè mí. Ìbéèrè kan náà. Omi nìkan? Ìwọ náà mọ ẹnu mi, kò lè gbé e mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo pàdé Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, mo fọhùn, mo ti ba omi jẹ́, ẹ nà mí tó bá wù yín.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n bi mí pé kí ni ẹ̀gbọ́n àwọn sọ. Báwo ni ọmọ ṣe máa la ẹnu pe oríkì bàbá rẹ̀? Wọ́n ní kí n sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe sọ ọ́. Mo di ojú, mo ní: "Kí Àkàngbé fún mi."

Làbákẹ́, wọ́n jẹ́ ìpè. Èmi kọ́ ni wọ́n dá lóhùn. Ojú fèrèsé ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ní, "Òo, ẹ̀gbọ́n mi," bí ọmọ tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Omi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo ní ó ti di omi lásán, sà. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn ni.

Ó tún wá dàrú mọ́ mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ omi ni wọ́n rán mi, kí ló dé tí wọ́n fi pa á tì? Bó bá sì jẹ́ ìkíni yìí ni wọ́n ń retí, kí ló dé tí wọ́n fi òfin dè mí lẹ́nu? Mo bi Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mi ò tíì lọ́kọ. Mo bi Bàbá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Màmá ní kí o má dín oúnjẹ kù. Kọ́lápọ̀ ì bá kí ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán an lọ sí Jíbówú láti béèrè ìgbà tí mọ́tò Ìṣẹ́yìn ń gbéra lọ́la. Èmi àti Bàbá la jọ ń lọ. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, kí n máa sọ̀rọ̀ láti ilé títí dé orí òkè, kí ẹ̀gbọ́n àwọn lè tètè mọ̀ pé àwọn ń bọ̀.

Èmi náà ni, aláriwo rẹ,
Ọmọ́níkẹ́.