Erùpẹ̀ Oko Ìyá Rẹ Tó Wà Lọ́dọ̀ Yín ní Bìní

Ìfọ̀n,
Oṣù Kìíní, 1979.

Fọláyẹmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Uselu? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Olúwa tó fún wa yóò wò ó fún wa, ẹkún ọmọ kò ní sọ nínú ilé yín. Àwa náà wà, àfi ọyẹ́ tó mú ẹsẹ̀ mi sán.

Comfort tó ń ta bàtà ní New Benin ti fi lẹ́tà ọkọ rẹ lé mi lọ́wọ́. Bá mi kí Ọlátúnjí, ó ṣeun tó gba agolo erùpẹ̀ mi wọlé níbi iṣẹ́ wọn tí wọ́n ti ń yẹ erùpẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò ní kó máa bọ̀ nílé, erùpẹ̀ ọ̀hún ò sì sùn níta rí. Bí wọn kì í bá fún aláìsàn lóúnjẹ níbẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ ló fẹ́ràn, mo ti fi díẹ̀ ránṣẹ́.

Ó tún ní ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi sọ kòkòrò inú rẹ̀ di ńlá kí àwọn tó rí i. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa sọ ọ́ di kékeré padà kó tó kúrò níbi iṣẹ́, torí ọmọ tuntun wà nínú ilé.

Ó ní tí òjò bá ń rọ̀ tí ilẹ̀ sì móoru, ṣe ni kòkòrò náà ń bí sí i, á gba gbòǹgbò wọ inú tòmátì, tòmátì á sì rọ pẹ̀lú ewé tútù lórí. Bó ṣe ṣe tiwa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ní tí ilẹ̀ bá gbẹ nígbà ọyẹ́, wọ́n á dín kù, àwọn tó kù á dà bí ẹni tó sùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bọ́ bàtà kí n tó wọ oko, mo sì ti bẹ àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n má kọrin kọjá níbẹ̀ mọ́. Ó wá tún ní kí n fi ọkọ́ dojú ilẹ̀ náà dé kí oòrùn lè wọ inú rẹ̀, kí n sì gbin àgbàdo síbẹ̀ lójò tó ń bọ̀. Ta ní í fi ọkọ́ jí ọ̀tá tó ti sùn? Ṣùgbọ́n mo ṣe é, jẹ́jẹ́ ni mo ṣe é.

Fọláyẹmí, kì í ṣe torí tòmátì ni mo fi erùpẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí tòmátì ìyá rẹ tún kú nínú òjò èṣí, Títíloyè tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa sọ létí odò pé ọwọ́ ìyá rẹ ni kò dára, pé kò sí ohun tó fọwọ́ kàn tó ń yè. Ìyá rẹ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi wá wẹ ọmọ fún ọ, kì í ṣe orúnkún ló ń dùn ún. Ó ti di ẹrù, ó tún tú u. Ó ní òun ò lè fi ọwọ́ tó pa tòmátì gbé ọmọ. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó sunkún, èmi náà sunkún.

Mo ka lẹ́tà ọkọ rẹ fún un. Ó ní kí n tún ibi tó ti sọ pé inú ilẹ̀ ni àrùn náà wà kà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí, ó bi mí pé ṣé ó dá Ọlátúnjí lójú. Mo ní ẹ̀rọ ló fi wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i tó ń wá kànìnkànìn àti òrí.

Ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra bàtà tí kì í dún, ẹ̀gún ti gún mi jù. Olúwa yóò fi èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀ fún yín, ẹ ó sì dàgbà dàgbà lójú ọmọ yín.

Sátidé ni ìyá rẹ ń bọ̀. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, ó lè kó ọwọ́ sẹ́yìn. Má bá a sọ̀rọ̀ kankan, gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Èṣùbíyì.