Òpó Mẹ́rin ní Àpáta Pupa

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà, 1957
Ìwé, fojú fo ọwọ́ mi tó wọ́. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé ẹnu pẹ́ńsù mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti di ìyàwó ilé yìí. Òjò látàárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gba orí adágún wá. A tún àwọ̀n ṣe. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní kókó tí mo ta ń tú bí ẹnu ọ̀mùtí.

Ọjọ́rú, 5
Ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sórí omi. Òyìnbó kan, tòun tòòlù, ó ń wá bàbà. Mo sọ ọ́ ní Irùngbọ̀n. Mo fún un ní tíì. Ó tẹ́ máàpù tí wọ́n fi àwọ̀ ya irú òkúta sọ́tọ̀: àpáta abẹ́ wa níbí ló dàgbà jù, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ àlìkámà níwọ̀-oòrùn, ìyeyè. Etí òkun àríwá tí wọ́n ti bí mi, àbàtà lókè, òkúta ẹfun nísàlẹ̀ – búlúù. Àbàtà wa tí wọ́n fi ń pè mí ní ọmọ ẹlẹ́rẹ̀, ó wà nínú ìwé! Inú mi dùn débi pé mo mú un lọ wo Àpáta Pupa, tó dípẹtà bí àáké àtijọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Irùngbọ̀n gbẹ́ òpó kan, ó rì í sí Àpáta Pupa. Mo ṣebí ibi ìyanja ló ń kàn. Mo bá a dì í mú. Ó lọ ri mẹ́ta mìíràn, jìnnà síra. Ìtìjú ò jẹ́ kí n béèrè.

Àbámẹ́ta, 8
Irùngbọ̀n ti lọ. Ọkọ mi Josáyà, ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ mi, ka ohun tó kọ sára òpó. Ohun tó wà láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ti ilé iṣẹ́ Irùngbọ̀n. Wọn yóò fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Bàbá Josáyà sùn síbẹ̀ – ilẹ̀ ò ṣeé gbẹ́ níbí bíi tiwa, òkúta la tò lé wọn. Irùngbọ̀n fẹ̀yìn ti òkúta yẹn mu tíì. Tíì tèmi.
Màmá ní, “Ta ló mú un débẹ̀?”
Mo gbé garawa, mo lọ pọnmi.

Àìkú, 9
Olè tó fi òpó jalè, olè náà ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Akọ̀wé ìjọba dé. Ó ní òfin ò ní kí wọ́n bi wá. Ó ní lórí máàpù, kò séèyàn níbẹ̀. Màmá ní, “Bàbá Josáyà wà níbẹ̀. Wọn ò kàn lè dìde kí ọ ni.”
Ó wá ka òpó: Irùngbọ̀n kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹta lòun rì í, kó lè ṣáájú àwọn awábàbà yòókù. Ọjọ́ kẹta! Òjò ni! Akọ̀wé ní bó bá jẹ́ irọ́, òpó á wó – ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà lákọsílẹ̀ dà? Josáyà wò mí. Ó mọ ohun tí mo ń kì sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sá wọlé.
Bí mo bá ka ọjọ́ kẹta, wọn á ka ọjọ́ karùn-ún. Bí mo bá ya á, ta ló máa gba ìwé tó ya gbọ́? Kí ni Màmá máa –
Ohùn wọn rèé: “Ìyàwó, gbé e bọ̀ kóo kà á tán, títí dórí ẹni tó mú un lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo ti rí ipasẹ̀ rẹ lórí ewédò Àpáta Pupa.”
Mo ń bọ̀, Mà