Ẹ Má Dúró De Ohùn Mi Nídìí Rédíò

Ìyé mi,

Mo kí yín láti Ìbàdàn. Vincent, ìwọ tó ń kà á fún wọn, má fimú kà á o. Ara mi le, mo sì ń yó.

Mo gbọ́ pé lójoojúmọ́ lẹ ń fi ẹkù epo sílẹ̀ lọ sídìí rédíò Olúsànyà, kí ẹ lè gbóhùn mi bí mo ti ṣèlérí. Kí n tó kúrò nílé, Tíṣà wa ní kí n dijú, kí n rí ara mi níbi tí mo ń lọ, kí n sì fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo ṣe é, Ìyé. Mo dúró sẹ́yìn géètì ilé rédíò, mo sín ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn jẹ. Ọlọ́dẹ ṣílẹ̀kùn, ó bẹ́rí. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé mẹ́fà rẹ dà?" A jọ rẹ́rìn-ín, ó sì ti géètì.

Gáréèjì ni mo ti ń lo ohùn báyìí: "Òrè, Òkìtìpupa, ó ku ẹnì kan!" Ọkọ̀ tètè ń kún. Mo ṣì ń dijú láràárọ̀. Àga akéde ni mo ń wá, ẹsẹ̀ yín tí epo pa láró dé orúnkún ni mo ń rí.

Ìrì ìrọ̀lẹ́ kò dáa fún ikọ́ yín, ẹ máa tètè wọlé. Ẹ bá mi kí Dora àti gbogbo ará Àjàgbà.

Àlàmú yín.