Ọ̀dàlẹ̀ Tí Ọkọ Mi Fi Igi Gbẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé yàrá tí o gbà yẹn kò jò mọ́? Àwa náà wà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín àti ọkọ rẹ̀ ṣe ń wà, ìyẹn ni pé ẹ̀rín ni mo fi ń jí, ẹ̀rín náà ni mo fi ń gbálẹ̀, àbúrò mi sì ní kí n rọra, pé ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í fò bí ọmọ ewúrẹ́. Mo ní kó jẹ́ n fò. Ọlọ́run tó sọ ẹkún opó mi di ẹ̀rín kò ní fi ayọ̀ dù ọ́, àmín.

Ọkọ mi ti tún fèrèsé yàrá rẹ nílé níbí kàn, kì í dún mọ́ bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe kọ "ọkọ mi" yìí, o ti yínmú. Yín in dáadáa, mo ń rí ọ láti ibí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn tí a dágbére tán lórí fóònù, o ò pa tìrẹ, èmi náà ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń pa tèmi, ni mo bá gbé e sórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ká tó wí, ká tó fọ̀, a gbọ́ ohùn rẹ tó ki bí ti ọkùnrin, o ní o ti ta kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè ìlú fún ọ̀tá, pé kí ilẹ̀ tó mọ́, ọba á ti kú. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo yára ki fóònù sábẹ́ tìmùtìmù kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba má baà gbọ́ bí mo ṣe ń mí, mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé lóòótọ́ ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ bá mi bẹ ilẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ọkọ mi ò kúnlẹ̀ ní tiẹ̀. Ó gbé tìmùtìmù kúrò, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ní òun gbọ́ tí o tún sọ pé kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀ kí àwọn ọmọdé lè sá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní eré ni, pé ẹ máa ń jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa sọ ìtàn, oníkálukú á jẹ́ ẹnì kan nínú ìtàn náà, ẹ ó sì máa ju òkúta kékeré olójú púpọ̀ tó ń sọ bóyá ohun tí ẹ fẹ́ ṣe á bọ́ sí i. Ó ní ìwọ lo máa ń yàn láti jẹ́ ẹni burúkú, ṣùgbọ́n ẹni burúkú tìrẹ kì í burú tán, ìdí máa ń wà. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá tó ń sọ ìtàn pé ọmọ tí a fi ẹ̀kọ́ tọ́ ni ọ́, o tó ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ayaba. Bí àyè ò bá tíì sí, kí wọ́n fi ọ́ ṣe akọ̀wé ọba ná. Kí o sì yà kí ìdílé ọba yẹn, eré tàbí òótọ́, òkú lòkú ń jẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tó lè wá ìdí fún ọ̀dàlẹ̀ tí kò sí láyé rí, kí ló dé tí kò lè wá ìdí fún káfíńtà kan? Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, "ẹ kú iṣẹ́ sà" lo fi ń kí i, bí ẹni ń kí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé tìtorí àga bàbá rẹ ni. O wọlé, o bá ọkọ mi lórí rẹ̀, o ò béèrè, o sì wọkọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹsẹ̀ àga yẹn ti jẹrà, ọmọ mi. Ó tún un ṣe ni, ó sì ń dán an wò. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló pààrọ̀, ibi tí bàbá rẹ ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ rẹ sára igi, kò fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, àpótí ló ń jókòó sí. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Èmi náà ti dalẹ̀ báyìí, o sì rí i pé ìdí wà.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní ẹ máa ń to ère kéékèèké sórí tábìlì. Ọkọ mi ti gbẹ́ ọ̀dàlẹ̀ rẹ, òun ló wà nínú páálí yìí. Mo ní kó jẹ́ kó fajú ro, ó kọ̀, ó ní ẹni tó rántí àwọn ọmọdé, ojú rẹ̀ ò lè burú tó bẹ́ẹ̀. Èkejì, arúgbó tó mú òòlù dání, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ní òun ò tọrọ ipò ọba, kí ẹ fi òun ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, òun mọ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn tó bá há.

Fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, a fẹ́ wá bá yín ṣeré ní Sátidé kan. Bí ọwọ́ rẹ bá há, fi ti ẹnì kan ránṣẹ́, èmi ni kó dúró sílé, òun ni kó wá. Bí àga yín ò bá tó, fún un ní àpótí, ó ti mọ́ ọn lára.

Ilẹ̀kùn ire ò ní tì mọ́ ọ lójú, ìwọ náà ò sì ní tì í mọ́ ẹni ire.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyàwó káfíńtà.