Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Kan

Àbúrò mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Bí ìyàwó wa bá wà nítòsí, ẹ jọ ka ìwé yìí. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Káfíńtà ti tún òrùlé tó ń jò ṣe.

O máa ń bi mí bóyá Bàbá ń lo òògùn wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì tí o fún wa kọ ọ́ sí ọ pé, "Baba ti lo." Kíbọ́ọ̀dù ojú rẹ̀ kò ní àmì kankan. O dáhùn pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Kí wọ́n tún lò ó lálẹ́." Mo fẹ́ pè ọ́, àmọ́ ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Lánàá, o tún ní o ti ra ìgò mìíràn. Màmá ò sì yé bi mí pé kí lo wí.

Má fi òògùn ránṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò ti bá mi yí kíbọ́ọ̀dù náà sí ti Yorùbá. Béèyàn bá tẹ lẹ́tà, tí kò tètè gbé ìka kúrò, àmì á jáde.

Jọ̀ọ́, pe Màmá. Ọlọ́run á dá yín sí, a ò ní fẹ́ra wa kù mọ́. Mo ti wá tún un tẹ̀, mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àmì fi jáde: Bàbá ti lọ.